Ta Ló Ń Wẹwọ́ Kẹ́yìn?

Bí oṣù kẹjọ ọdún bá ti dé, iṣu tuntun a gba gbogbo ilẹ̀ Bantè àti Savalou kan. Ní Savalou, ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu, tí àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní Kútọnù, ní Àjàṣẹ́ àti lókè òkun ń darí wálé. Ní Lougba pàápàá, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbègbè tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bantè, odó kì í sinmi lásìkò náà. Bí ẹ bá ń kọjá lọ́sàn-án, ẹ ó gbọ́ ìró ọmọ odó láti agbolé kan dé èkejì. Ẹ kò sì ní í rìn jìnnà kí ẹnì kan tó ké sí yín pé: «Ẹ wá bá wa jẹun o!» Ẹni tó bá yó a dáhùn pé: «Á gba ibi ire o.» Ẹni tí ebi ń pa a yà.

Bí ẹ bá yà, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbé síwájú yín kì í ṣe iyán, kì í sì í ṣe ọbẹ̀. Omi ni. Ọmọ kan yóò kúnlẹ̀, yóò gbé abọ́ omi kalẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ kan yóò sì wà ní èjìká rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi náà. Àlejò yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù, bí ọjọ́ orí wọn ti tẹ̀ léra. Bí abọ́ ti ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Àṣà ìbọ̀wọ̀fúnni ni èyí. Ó dára, ó sì wuyì. Ẹni tí a bá gbé omi fún ti mọ̀ pé a ka òun sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan lónìí: ta ló ń wẹwọ́ kẹ́yìn?

Omi tó kù fún àbíkẹ́yìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni. Àbíkẹ́yìn ni mí. Àwa méje la máa ń yí àwo iyán kan ká. Kí abọ́ omi tó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Erùpẹ̀ pupa tó wá láti oko ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọdẹ, epo tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń se ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Aṣọ ìnuwọ́ ní tirẹ̀ ti tutù rinrin. Bí mo bá fi nuwọ́ tán, ọwọ́ mi a tún tutù ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, mo máa ń yọ́ ọwọ́ nu mọ́ ṣòkòtò ara mi. Bí ìyá wa bá rí mi, yóò bá mi wí pé: «Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo máa tó mọ ọwọ́ wẹ̀?»

Inú rírun kì í jìnnà sí mi nígbà náà. Òní ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀la èébì. Wọ́n á fún mi ní àgbo, ara mi á yá, á sì tún bẹ̀rẹ̀. N kò lè búra pé omi inú abọ́ yẹn ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó wo abọ́ náà rí kó bi ara rẹ̀ léèrè. Gbogbo ojú wà lára ọmọ tí kò mọ ọwọ́ wẹ̀. Ojú ẹnikẹ́ni kò sí lára omi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Ohun tí ojú kò rí

Ọwọ́ wa ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wa. Òun ló ń di ọkọ́ mú lóko. Òun ló ń gba owó lọ́jà. Òun ló ń nu imú ọmọ, tó ń fọ ìdí rẹ̀, tó ń bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá ti ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bọ omi tó dúró sójú kan, apá kan nínú kòkòrò náà yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kú, kò sì lọ ibì kankan. Inú omi ló wà. Ẹni tó bá tún ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ ibẹ̀ lè kó o. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni kẹta ń fi ìdọ̀tí ẹni méjì wẹwọ́, ẹni keje sì ń fi ti ẹni mẹ́fà wẹ̀.

Bákan náà ni aṣọ ìnuwọ́ rí. Aṣọ gbígbẹ tó mọ́ a máa gba omi kúrò lára ọwọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tó tutù, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti kọjá lára rẹ̀, ibùgbé dáadáa ló jẹ́ fún kòkòrò, nítorí pé ibi tó tutù tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Bí ẹnì kan bá tún fi aṣọ kan náà nu ojú, àrùn ojú pípọ́n lè ti ibẹ̀ ran ẹlòmíràn.

Àrùn tó ń gba ọwọ́ wọnú ẹnu pọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà níbẹ̀, aràn inú wà níbẹ̀. Àrùn onígbáméjì náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow fi hàn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù pé omi ẹlẹ́gbin ló ń gbé onígbáméjì kiri, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fà á. Ní ọdún 1970, àrùn náà wọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti ìgbà náà sì ni ó ti ń padà wá bẹ àwọn orílẹ̀-èdè wa wò.

Àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tó lé ní 400,000 lágbàáyé lọ́dọọdún. Àgbà tó bá ní ìgbẹ́ gbuuru lè lò ó ní ọjọ́ méjì kó sì dìde. Ọmọdé kò ní omi púpọ̀ lára. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, omi inú ara rẹ̀ lè ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀, ọmọdé yìí kan náà ni àṣà wa ń fún ní omi tó dọ̀tí jù àti aṣọ tó tutù jù.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò káàkiri ayé. Wọ́n rí i pé níbi tí àwọn ènìyàn bá ti ń fi ọṣẹ wẹwọ́ déédéé, ìgbẹ́ gbuuru máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí ayé fi ya ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún ọwọ́ fífọ̀ láti ọdún 2008. Oṣù méjì gééré ló wà láàárín ọdún iṣu Savalou àti ọjọ́ náà.

Òwe náà kò tíì parí

Àwọn bàbá wa sọ pé: «Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun.» Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ìwà hù, àwọn àgbà yóò fà á mọ́ra, yóò sì jókòó níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè jókòó sí. Òwe gidi ni.

Ṣùgbọ́n ojúṣe ọmọdé ni òwe náà ń sọ. Kí ni ojúṣe àgbà? Ọmọ lè mọ ọwọ́ wẹ̀ títí, bí omi tí wọ́n gbé fún un bá ti bàjẹ́, kí ló fẹ́ wẹ̀? Ẹni tó ní kí ọmọdé wẹwọ́ ló yẹ kó pèsè omi mímọ́ fún un.

Ta ló ni aṣọ ìnuwọ́?

Bí a bá sọ pé kí olúkúlùkù ní aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀, àwọn kan á ní: «Àṣà òyìnbó nìyẹn. Ilé oúnjẹ ńlá ní Kútọnù ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwa tí à ń fi ọwọ́ jẹun, kí la fẹ́ fi ṣe?» Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn, nítorí pé ìtàn yí ọ̀rọ̀ yìí padà pátápátá. Àwọn tí ń fi ọwọ́ jẹun gan-an ni wọ́n dá aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Bí ọ̀rá bá kún ìka wọn, wọn a fi inú búrẹ́dì nù ún, wọn a sì ju búrẹ́dì náà fún ajá. Ní Róòmù, àlejò a máa mú aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀ wá láti ilé. Bí àsè bá parí, ó lè di oúnjẹ tó kù sínú aṣọ náà lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń di ẹran sínú ewé fún àwọn ará ilé. Ní Faransé àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ jẹun kí fọ́ọ̀kì tó gbilẹ̀. Nílé àwọn ọlọ́lá, ìránṣẹ́ a dúró ti àlejò pẹ̀lú ìkòkò omi àti àwokòtò. Yóò da omi sí i lọ́wọ́, omi náà yóò sì bọ́ sínú àwokòtò. Ìránṣẹ́ mìíràn yóò na aṣọ sí i.

Àwọn náà ti pín aṣọ kan lò rí. Aṣọ gígùn kan a máa yí etí tábìlì ká, tí gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ á sì máa fi í nuwọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi àṣà yìí sílẹ̀, tí olúkúlùkù sì ní tirẹ̀. Ní ọdún 1530, ọ̀mọ̀wé ará Họ́láńdì kan tó ń jẹ́ Erasmus kọ ìwé kan lédè Látìn láti kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwà ọmọlúàbí. Ó ní bí wọ́n bá fún ọmọ ní aṣọ ìnuwọ́, kí ó gbé e lé èjìká òsì tàbí apá òsì rẹ̀. Ó tún ní kò dára kí ọmọ máa lá ìka tàbí kí ó máa nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí ṣòkòtò mi àti ohùn ìyá wa.

Orúkọ aṣọ náà lédè Faransé ni serviette. Láti inú ọ̀rọ̀ náà servir ló ti wá, èyí tó túmọ̀ sí pé kí a sin ènìyàn, kí a ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí ohun tí ọmọ Lougba ń ṣe nígbà tó bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi níwájú àlejò. Ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ìtọ́jú náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn bákan náà.

Ẹ da omi sí wọn lọ́wọ́

Ọ̀nà àbáyọ kò le, kò sì gbówó lórí. Dípò kí gbogbo ọwọ́ máa wọnú abọ́ kan, ẹ jẹ́ kí omi máa dà lé ọwọ́. Àwọn mùsùlùmí ti mọ èyí tipẹ́. Búta tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ohun tí ó ń ṣe nìyẹn: omi mímọ́ ń jáde, omi ìdọ̀tí ń lọ, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Bí kò bá sí búta, ahá tàbí ife tó mọ́ lè ṣe é.

Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Ọmọ tí ń gbé omi yóò mú ohun èlò méjì dání, ọ̀kan fún omi mímọ́, abọ́ kan lábẹ́ fún omi tí a ti lò. Yóò da omi díẹ̀ sí ẹni tó dàgbà jù lọ́wọ́. Ẹni náà yóò fi ọṣẹ pa ọwọ́ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, àárín ìka àti abẹ́ èékánná, fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ení dé ogún láìkánjú. Ọmọ náà yóò tún da omi sí i títí ọṣẹ yóò fi ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Àgbà ló ṣì kọ́kọ́ wẹwọ́. Ọmọdé ló ṣì kẹ́yìn. Ìtẹríba kò yẹ̀, ipò ẹnikẹ́ni kò dín kù. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: omi àbíkẹ́yìn mọ́ gẹ́gẹ́ bíi ti olórí ẹbí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: «Omi dà? Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, a ń rìn jìnnà kí a tó rí omi pọn.» Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti ru omi lórí kì í fi omi ṣòfò. Ṣùgbọ́n a lè dín omi kù. Ẹ mú ìgò ike kan tó mọ́, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò tín-ín-rín méjì tàbí mẹ́ta sí ìdérí rẹ̀. Bí ẹ bá dà á délẹ̀, omi yóò máa yọ tín-ín-rín, ọwọ́ yóò mọ́, omi kò sì ní tán kíákíá. Ẹ má sì da omi tó wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀ nù sí àárín ilé. Ẹ bù ú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Níbi àsè ńlá, bí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, ọmọ kan kò lè da omi sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́wọ́. Ṣé ẹ rántí ọdún 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀? Garawa onídèérí tó ní ẹnu ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ọjà, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibo ni àwọn garawa wọ̀nyẹn wà lónìí? Bí wọ́n bá ń kó ìdọ̀tí jọ ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ gbé wọn jáde, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà ibi àsè. Àrùn kan ló mú wọn wá, ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn ni wọ́n lè lé lọ.

Aṣọ méjìlá láti inú ọ̀pá kan

Ó ku aṣọ ìnuwọ́. Ọ̀pọ̀ ń ra bébà ìnuwọ́ fún àsè. Bébà dára, nítorí pé ẹnì kan ló ń lò ó, ìgbà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi bébà nu ọwọ́ tí iyán àti ọbẹ̀ ilá wà lára rẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bébà á fà ya, á lẹ̀ mọ́ ìka, á di pé a tún ń wá ohun tí a ó fi yọ bébà kúrò. Lẹ́yìn àsè, afẹ́fẹ́ á gbé e kiri gbogbo agbolé. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan ni, ọjọ́ mìíràn a tún ra òmíràn.

Aṣọ òwú ló dára jù fún ọwọ́ tí ń jẹ iyán. Orílẹ̀-èdè wa sì wà lára àwọn tí ń kórè òwú jù lọ ní Áfíríkà. Ẹ mú aṣọ òwú ọ̀pá kan, tó gùn tó sàǹtímítà 91, tó sì fẹ̀ tó sàǹtímítà 115. Ẹ wọn sàǹtímítà 28 lọ́nà méjèèjì fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí mẹ́ta gé ní òòró, mẹ́rin ní ìbú. Aṣọ ìnuwọ́ 12 nìyẹn, láti inú ọ̀pá kan ṣoṣo. Kí télọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ kó má bàa máa tú. Aṣọ tó ti gbó díẹ̀ tilẹ̀ dára ju aṣọ tuntun lọ. Àǹkárá tuntun ní ìda àti sítáàṣì lára, kì í tètè mu omi. Èyí tí a ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ló ń mu omi dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, ẹ má fi aṣọ wọ̀nyí nu ìkòkò tàbí tábìlì, ẹ má sì kó wọn pọ̀ mọ́ aṣọ ìdí ọmọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n, kí ẹ sì sá wọn sínú oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ dáadáa. Bí iná bá wà, ẹ lọ̀ wọ́n. Ẹ ká wọn, kí ẹ kó wọn sínú ohun tó ní ìdérí. Bí àlejò bá dé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí aṣọ kò bá sì kárí, ẹ jẹ́ kí àlejò gbọn omi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ. Ọwọ́ tí atẹ́gùn fẹ́ gbẹ sàn ju ọwọ́ tí a fi aṣọ tútù nù lọ.

Bí ẹ bá jókòó sí tábìlì ìgboro

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọmọ wọn ń ṣègbéyàwó ní ìgboro, tàbí tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ alágbẹ̀ máa ń gbé lọ sí ìpàdé nílé ìtura. Níbẹ̀, ẹ ó bá aṣọ ìnuwọ́ lórí àwo tàbí ní apá òsì àwo. Wọ́n lè ká a bí abẹ̀bẹ̀ tàbí bí òdòdó. Ẹ má ṣe bẹ̀rù láti tú u. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tábìlì nìkan, ti yín ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó pè yín kọ́kọ́ tú tirẹ̀, kí ẹ wá tú tiyín, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí itan. Ọmọdé nìkan ni wọ́n ń so ó mọ́ lọ́rùn. Kí ẹ tó mu omi, ẹ rọra fi nu ètè, kí ọ̀rá má bàa hàn létí ife. Ẹ má fi fun imú, ẹ má fi nu òógùn ojú. Bí ẹ bá fẹ́ dìde kí ẹ sì padà wá, ẹ fi í sórí àga. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ rọra gbé e sí apá òsì àwo. Kò di dandan kí ẹ tún un ká bí ẹ ti bá a, nítorí pé ẹni tó bá rí i ní kíká lè rò pé a kò tíì lò ó, kó sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Faransé láyé àtijọ́, wọn kì í fọ aṣọ ìnuwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, wọ́n ṣe òrùka igi tàbí ti fàdákà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Inú òrùka tirẹ̀ ni yóò ti aṣọ tirẹ̀ bọ̀, kí ẹlòmíràn má bàa mú un. Bí a bá wo gbogbo òfin yìí dáadáa, ìdí kan náà ló wà lábẹ́ wọn: kí ohun tó kan ẹnu mi má kan ẹnu rẹ. Ẹni tó bá mọ ìdí yìí, bí ó bá tilẹ̀ gbàgbé òfin kan, kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?

Ohun kan ṣì kù tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Bí àlejò bá kọ omi abọ́ àti aṣọ tí gbogbo ẹbí lò, wọn á ní ó ń gbéraga. Wọn á ní ó ti lọ sí ìgboro, ó sì ti gbàgbé ilé. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ba àárín ẹbí jẹ́ rí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ń rí omi tó dọ̀tí, wọ́n sì ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ìjà má bàa wà.

A kò gbọ́dọ̀ di ẹrù yìí lé àlejò lórí. Onílé ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Nínú onílé, àgbà ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó sọ fún ọmọ pé: «Da omi sí mi lọ́wọ́, kí o sì da á sí gbogbo wọn lọ́wọ́», ta ni yóò pè é ní agbéraga? Láàárín ọdún iṣu kan sí èkejì, ó ti di àṣà ilé náà. Bí ó bá sì jẹ́ àlejò ni yín, ẹ fi ẹ̀rín béèrè: «Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, bù ú sí mi lọ́wọ́.» Ọmọ tó mọ̀wà hù kò ní bínú, ìyá rẹ̀ yóò sì ti gbọ́.

Lónìí, mo ní agbolé tèmi. Bí a bá fẹ́ jẹun, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni ó ń wẹwọ́ kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń da omi sí i lọ́wọ́. Ó máa ń na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì máa ń wo omi náà bó ti ń ṣàn kọjá, nítorí pé omi tí ń dán máa ń wù ú. Lẹ́yìn náà ni yóò na ọwọ́ sí aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ rẹ̀. Kò tíì fi ọwọ́ nu ṣòkòtò lójú mi rí.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bákan náà ni àgbà àti ọmọdé. Ọmọdé ń kúnlẹ̀ gbé omi fún àgbà. Kí àgbà náà rí i dájú pé omi tó kù fún ọmọdé mọ́. Nínú ilé yín, ní Lougba tàbí níbikíbi tí ẹ bá ti ń ka ìwé ìròyìn yìí, nígbà tí wọ́n bá gbé omi wá lálẹ́ òní, ẹ má wo ẹni àkọ́kọ́. Ẹ wo ẹni tó ń wẹwọ́ kẹ́yìn.